Ọjọ́ Tí Mátírọ̀nù Gbé Àga Wá sí Wọ́ọ̀dù

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́ ní gáréèjì Oǹdó, omi kàn ń bọ́ lójú mi. Ara mi ò gbóná, orí ò fọ́ mi. Ibi iṣẹ́ tí mo ń lọ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo padà sílé.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ìlú le nígbà náà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kó lọ sókè òkun, iṣẹ́ wọn sì já lé àwa tó kù lórí. Bí mo bá ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ẹbí aláìsàn á máa fà mí láṣọ, dókítà á máa pè mí. Bí ẹnì kan bá kú, èmi náà ni wọ́n á pariwo mọ́.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo rò pé Mátírọ̀nù, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, yóò bá mi wí ni. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, kí ló wúwo jù nínú iṣẹ́ yìí?"

Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kò ní kí n lọ gbàdúrà, kò ní kí n mọ́kàn le. Ó gbé àga wá sí wọ́ọ̀dù wa, ó ń wò wá.

Dókítà àgbà bá a níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Mà, àwọn nọ́ọ̀sì ìsinsìnyí ò lè fara da nǹkan."

"Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, dókítà. Ẹ máa dá àwọn ẹbí lóhùn."

Ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n ti rọ̀gbà yí dókítà ká. Ìyá kan láti Ìgbàrà-Òkè di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fi í sílẹ̀. Nígbà tí dókítà dìde, òógùn ló ń nù. "Mà, kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

Wọ́n rán épírọ̀nù pupa: ẹni tó bá wọ̀ ọ́, oògùn ló ń pín, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pè é. Lọ́sàn-án, dókítà àti nọ́ọ̀sì á jọ bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ǹṣì ìta. Àwa fúnra wa la wá ń pín àsìkò iṣẹ́, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ àwa ará Oǹdó lójú ọ̀nà. Bí aláìsàn bá sì kú mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́, a ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ jókòó, kí ẹnì kan bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ épírọ̀nù náà, ọkùnrin kan ń pariwo bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Màmá àgbàlagbà kan jágbe mọ́ ọn látorí bẹ́ẹ̀dì: "Ṣé o ò rí aṣọ pupa ni? Jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ṣiṣẹ́!" Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ ò dín kù, ṣùgbọ́n kò bà mí lẹ́rù mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Lọ́sẹ̀ náà, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Mátírọ̀nù nílé rẹ̀ l'Óǹdó.

Ó ní, "Kí ni mo ṣe? Ẹ̀yin lẹ sọ ibi tó ń dùn yín."

Mo kúnlẹ̀. "Mà, a ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́."