Ìbọn Bọ̀ọ̀dá ní Ẹnu Géètì Bárékè

Ẹ wo òmùgọ̀ méjì tó rìn lọ sẹ́nu géètì bárékè sójà lọ́sàn-án gangan: ọ̀kan ló ni ìbọn, èkejì ló ń bá a gbé e láìmọ̀. Èmi ni èkejì yẹn, ẹ má wojú ẹlòmíì.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà. Mo ti fìdí rẹmi nínú Maths lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Houston ṣàánú mi, wọ́n gbà mí. Ìyá mi gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún kí n tó rí fíísà akẹ́kọ̀ọ́ gbà, fíísà ọ̀hún ò sì tíì pé oṣù méjì. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré kan báyìí, wọ́n á dá mi padà sílé.

Ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni mo ń gbé ní Sharpstown, àwọn àti ìyàwó wọn tí mo ń pè ní Àǹtí. Ẹnjiníà ni Bọ̀ọ̀dá, wọ́n gbọ́n nínú ìwé. Àmọ́ látọjọ́ tí olè ti yọ rédíò mọ́tò wọn níwájú apartment, wọ́n lọ ra ìbọn ìléwọ́ kékeré kan. Rédíò lọ, ìbọn dé. Inú báàgì awọ tí wọ́n máa ń fi kọ́ ọwọ́ ló ń gbé. Wọ́n gbé e lọ ra ẹran, wọ́n gbé e lọ kí èèyàn ní Stafford, wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bíi pé áńgẹ́lì fẹ́ jà wọ́n lólè. Òfin ò gbà á, gbogbo wa la mọ̀. Bọ̀ọ̀dá ní ọkùnrin gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀.

Ní Sátidé kan, wọ́n ní àwọn á mú wa lọ sí mùsíọ́ọ̀mù tó wà nínú bárékè kan, níbi tí wọ́n kó bàálù ogun àtijọ́ sí.

“Ìbọn yẹn ò ní jáde nílé lónìí o,” Àǹtí ní.

“Mo ti jù ú sí wardrobe.”

Èmi náà gbà á gbọ́. Nílùú wa lọ́hùn-ún, sójà ló ń ṣèjọba. Tí mọ́tò bá fẹ́ kọjá níwájú bárékè, dẹ́rẹ́bà á pa rédíò, àwọn èrò á jókòó dáadáa, torí sójà lè ní kéèyàn sọ̀kalẹ̀ wá fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ta ló máa wá gbé ìbọn lọ bá irú wọn?

Bá a ṣe páàkì níta géètì, mo ki báàgì Bọ̀ọ̀dá mọ́lẹ̀. Àgbà ò gbọdọ̀ gbé ẹrù lójú mi, èmi ọmọ ilé ire.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e.”

“Fi í sílẹ̀.”

Mo tún fà á. Nílé wa, tí àgbà bá ní “fi í sílẹ̀”, ó ń wò ó bóyá wọ́n kọ́ ẹ dáadáa ni.

“Mo ní o fi í sílẹ̀!”

“Ẹ gbé e fún un jàre,” Àǹtí ní. “Ṣé kí wọ́n lè sọ pé a ò kọ́ ọmọ ni?”

Kí ni Bọ̀ọ̀dá fẹ́ sọ lójú Àǹtí? Wọ́n jọ̀wọ́ ẹ̀.

A tò sórí ìlà. Mo gbé báàgì mọ́ àyà bíi díákónì tó gbé Bíbélì, inú mi ń dùn sí ìwà mi. “Bọ̀ọ̀dá, ó wúwo o. Kí lẹ kó síbẹ̀, òkúta?”

Wọ́n sọ ọ́ sí mi létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ohun tí mo ní ó wà ní wardrobe ni.”

Èèyàn mẹ́rin ló kù kó kàn wá níbi tábìlì àyẹ̀wò. Sójà tó dúró níbẹ̀ pariwo pé ẹni tó bá ní nǹkan tí kò yẹ nínú báàgì, kó yáa dá a padà sínú mọ́tò ẹ̀. Tó bá ti dórí tábìlì, ó di ẹjọ́. Mo wo Bọ̀ọ̀dá. Mo rò pé wọ́n á gba ẹrù wọn. Ọkùnrin tó ti múra sílẹ̀ ń wo ìrù bàálù kan tó yọ lókè ògiri, bíi pé wọn ò mọ̀ mí rí. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sì rèé, àpò wọn ló wà, mi ò lè dá a padà fúnra mi.

Tí mo bá ní tèmi ni, fíísà ti lọ. Tí mo bá nàka sí wọn, mo ti ta ẹ̀gbọ́n mi. Ọpọlọ tí ò gba Maths yẹn náà ni mo fi rò ó.

Mo dọ̀bálẹ̀. Gbalaja, lórí kọnkéré gbígbóná, láàárín àwọn òyìnbó tó wọ ṣòkòtò péńpé. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi na báàgì sí wọn.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹrù yín rèé sà. Ẹ dákun, ẹ gbà á.”

Àwọn òyìnbó sún sẹ́yìn. Sójà ń bèèrè bóyá oòrùn ló mú mi. Àǹtí wò mí nílẹ̀, wọ́n wo báàgì.

“Háà! Ṣé ìbọn yẹn ni?”

Ọpẹ́lọpẹ́ pé sójà ò gbọ́ Yorùbá. Bọ̀ọ̀dá gba báàgì, wọ́n yọ kúrò lórí ìlà, wọ́n padà sídìí mọ́tò lọ ṣọ́ ìbọn tó yẹ kó máa ṣọ́ wọn. Èmi àti Àǹtí wọlé.

Nígbà tá a fi máa jáde lẹ́yìn wákàtí méjì, òógùn ti mú kí ṣẹ́ẹ̀tì Bọ̀ọ̀dá rin gbingbin.

“O dójú tì mí.”

“Ẹ má bínú sà.”

“Má bẹ̀ wọ́n!” Àǹtí ní. “Ẹ̀wọ̀n lẹ fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ sí. Ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀ ẹ́.”

A bọ́ sórí freeway, títì márosẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bọ̀ọ̀dá wúkọ́. “Kí ni wọ́n tiẹ̀ kó síbẹ̀ gan-an?”

“Bàálù, sà. Àti ìbọn. Wọ́n tì í mọ́ inú gíláàsì, kò sẹ́ni tí wọ́n jẹ́ kó gbé e.”

Wọ́n tẹná mọ́tò sí i. Nígbà tá a dé Fondren, ládùúgbò wa, wọ́n yà síbi tí wọ́n ti ń ta adìyẹ díndín. Itan tó tóbi jù nínú páálí ni wọ́n mú, wọ́n gbé e síwájú mi, wọn ò wo ojú mi. Bí àgbà ṣe ń bẹ ọmọdé nílé wa nìyẹn. Mo dúpẹ́, mo jẹ ẹ́ dé eegun.