Ọwọ́ Ọ̀tún Ni Tàwọn Tó Mọ̀

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú Bìní, gbogbo wa la máa ń nawọ́ bí ọ̀gá alábẹ̀wò bá dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ẹni tó mọ ìdáhùn á na ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tí kò mọ̀ á na tòsì. Ọ̀gá ilé ìwé wa fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa. Àlejò á rí igbó ọwọ́, inú rẹ̀ á dùn, tíṣà á sì pe ọwọ́ ọ̀tún nìkan.

Tíṣà wa ní kíláàsì kẹrin ni kò gbà. Ọmọ Bìní ni, ó ga bí òpó iná. "Ẹni tí kò bá mọ̀, kó ní òun ò mọ̀, kó wá béèrè." Kì í fi ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ há wa lórí bíi tàwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ kan ni yóò mú, a ó sì jẹ ẹ́ dé egungun. Odò Ikpoba nìkan gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ibi tó ti ń ṣàn bọ̀, ẹja inú rẹ̀, òjò tó ń bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló kó wa lọ wo yàrà ńlá tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ yí ìlú ká. Èmi tí mo máa ń kàwé bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á geere, nítorí ohun tí mò ń kà ti di ojúlùmọ̀ mi.

Ọ̀gá ilé ìwé ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. A gbọ́ ọ lójú fèrèsé tó ń sọ fún tíṣà wa: "Bí alábẹ̀wò bá fi lè kọ orúkọ rẹ sílẹ̀, wọn á gbé ọ lọ síbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wàá máa wọ̀ lọ síṣẹ́."

Alábẹ̀wò dé lọ́jọ́ Tuesday, ọ̀gá ilé ìwé tẹ̀ lé e. Ó béèrè ohun tí a ń kọ́. Mo dìde, mo ro ẹjọ́ yàrà náà látòkè délẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí. Ẹ wò ó, gbogbo nǹkan ti bọ́ sí i! Ká ní mo jókòó ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n àṣà kíláàsì wa ni pé ẹni tó bá dáhùn á béèrè tirẹ̀ padà.

"Sà, yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà jáde ńkọ́? Ibo ni wọ́n kó o sí?"

Ó wúkọ́. Ó wo òkè àjà.

Ẹnu mi ò ní ìlẹ̀kùn. "Sà, bí ẹ ò bá mọ̀, ọwọ́ òsì ni kí ẹ nà. Ọ̀gá wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀gá ilé ìwé dà bí eérú. Tíṣà wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n pè é sí ọ́fíìsì. Nígbà tó padà dé, ó ya ọkàn ènìyàn sójú pátákó, ó ya ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. "Bó ṣe ń padà wálé, ó dọ̀la." Ó wá gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ọmọ Yorùbá, ìbéèrè rẹ dára púpọ̀."

Ìyá mi tó ń ta abọ́ ní ọjà Ekiosa gbọ́, ó na ìka sí mi: "Ẹnu rẹ yìí á kó bá ọ lọ́jọ́ kan!" Ì bá jẹ́ pé èmi ló kó bá.

Lónìí, àwọn ọmọ mi ń gba máàkì tó kún àpò. Mo bi wọ́n nípa odò tí à ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, èyí àbúrò ní, "Daddy, e no dey our past question." Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe? Ẹni tí ì bá kọ́ wọn, èmi ni mo fi àwàdà lé e lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí alábẹ̀wò yẹn wá, mo tètè dé kíláàsì. Tíṣà tuntun kan ló ń nu pátákó. Ó ti nu ìdajì ọkàn náà. Ó ṣí ìwé ìbéèrè àtijọ́, ó ka èkíní sí wa létí. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀.

Mo na ọwọ́ òsì.