Ẹmu Tí Ọ̀gá Mi Kò Tọ́ Wò

Mùsùlùmí ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ẹmu dídá. Bàbá Àlàbí là ń pè é. Ará Ìwó ni, ṣùgbọ́n ẹ̀bá Ìkòrò ló tẹ̀dó sí, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń gun ọ̀pẹ, kò sì fi ẹmu kan ẹnu rí. Etí ló fi ń dán an wò. Á gbé agbè sétí, á gbọ́ bó ṣe ń hó nínú, á ní, "Eléyìí ti tó."

Ẹmu rẹ̀ funfun bí omi ògì, ó kan, oyin sì máa ń kú sínú rẹ̀. Kì í bu omi sí i, kì í fi sákárín sí i bí àwọn ẹlẹ́mu kan ní Arámọkọ ti ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á mu ún lẹ́ẹ̀kan, wọn á dúpẹ́, wọn ò ní padà wá.

Tíṣà àgbà kan ní Odò-Ọwà fẹ́ fọmọ fọ́kọ, ó ní ká gbé agbè mẹ́jọ wá. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ẹsẹ̀ ọ̀gá mi rọ́. Èmi nìkan ló gun ọ̀pẹ, agbè márùn-ún péré ni mo rí. Ni mo bá bu omi sí mẹ́rin, mo pín wọn sí méje, mo fi sákárín sí wọn. Sákárín tó tán ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìkarùn-ún.

Ọ̀gá mi tiro jáde, ó gbé etí lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Méje ti kú níbí," ó ní. "Ta ló pa wọ́n?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Gbé wọn lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fẹnu ara rẹ sọ fún bàbá ìyàwó kí wọ́n tó bù ú."

Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn àna láti Ẹ̀fọ̀n ti jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí tíṣà. Etí rẹ̀ kì í gbọ́ dáadáa.

"Kí lo wí?"

Mo tún un sọ. Gbogbo ilé gbọ́. Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Bàbá ọkọ ìyàwó ní, "Ẹ bu èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn wá." Ó mu ún, ó di ojú kan, ó yọ oyin kan kúrò lórí ahọ́n.

"Ó kan," ó ní. Ó tún na ife. "Ẹ bù sí i."

Àwọn àgbà mu agbè kan náà tán. Àwọn tó wà lẹ́yìn ló mu méje tó kù. Wọ́n ní ó dùn.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, tíṣà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bí àbúrò ìyàwó yìí bá ń lọ ulé ọkọ, ìwọ náà ni o máa gbé ẹmu wá, irú èyí tó kan yẹn. Ṣùgbọ́n má bá mi sọ̀rọ̀ níwájú àna mọ́."

Ọmọbìnrin mẹ́rin ni tíṣà bí. Mo gbé èyí tó kan lọ fún mẹ́ta tó kù, mi ò sì sọ̀rọ̀.