Ọ̀nà Kúkúrú Bàbá Ọdúntán

Nígbà tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fi káàdì aláwọ̀ góòlù ránṣẹ́ sí Bàbá Ọdúntán, olóbì tó ti fẹ̀yìn tì n'Íléṣà, gbogbo àdúgbò ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àwọn ará Ìtagunmódi ń walẹ̀ títí eegun ẹ̀yìn fi ń dún kí wọ́n tó rí góòlù, àmọ́ ojú ọ̀run ni tiẹ̀ ti já bọ́.

Ìrìn àjò ló fà á. Láti ìgbà tí Àpìkẹ́, aya rẹ̀, ti papò dà, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lókè òkun pín in láàrin ara wọn bí ẹní pín oko kòkó. Ó fò, ó fò, títí lékeléke fi ń yàgò fún un lójú ọ̀run. Ẹni tó bá fò tó bẹ́ẹ̀, wọn kì í jẹ́ kó tò pẹ̀lú èrò níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Ọ̀nà kúkúrú wà fún un, okùn lọ́tùn-ún, okùn lósì, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn. Tó bá dé ọ̀hún, ọmọ á lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ-ọmọ á lọ síléèwé, ògiri ni yóò máa bá sọ̀rọ̀. Èápọ́ọ̀tì Èkó ni ibi ìkẹyìn tó ti lè rí ẹni bá tàkúrọ̀sọ, káàdì yìí sì ń sáré gbé e kọjá.

Àgbà kì í kúkú kọjá lára èèyàn láìkí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ìlà gígùn kọjá, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé ẹ kú ìdúró o. Sikirat, oníṣòwò aṣọ kan láti Òṣogbo, tí ẹsẹ̀ ti ń ro, gbọ́ ohùn Ìjẹ̀ṣà lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin Òṣómàáló, ìlóṣòó lẹ mọ̀, ẹ ò mọ ìdúró. Ẹ wá bá wa dúró ná."

Àwàdà ni tiẹ̀. Bàbá gbà á bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun. Ó ki káàdì bọ àpò, ó bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ okùn, ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó pa obì, wọ́n jẹ ẹ́. Sikirat bi í léèrè ìyàwó, ó sọ ti Àpìkẹ́ fún un láti orí ìfẹ́ títí dé orí àìsàn. Ó ti tó ọdún kan tẹ́nikẹ́ni ti bi í gbẹ̀yìn.

Àfi bí ìlà tí kì í rìn ṣe mú ẹsẹ̀ ehoro lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́, Sikirat dágbére, ó wọlé. Ó wá kan Bàbá. Ó yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kó ṣáájú. Ó bi onítọ̀hún léèrè ilé àtọ̀nà, ó tún fi ẹlòmíràn ṣáájú, ó tún fi ẹlòmíràn, títí kò fi sẹ́nì kankan mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Obìnrin tó ń yẹ ẹrù wò gbójú sókè. "Bàbá, ó ku ẹ̀yin nìkan."

"Mo mọ̀, ọmọ mi," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà.