Kẹ̀kẹ́ Idẹ Tí Màmá Mi Fi Ń Gé Mítì-Páì

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìjẹ̀dé, ohun kan tí màmá mi kì í jẹ́ kí á fọwọ́ kàn nínú ilé ìdáná ni kẹ̀kẹ́ idẹ kékeré kan. Eyín yí i ká, igi ni wọ́n fi ṣe ibi tí a ti ń dì í mú. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí irú rẹ̀. Bí màmá mi bá ti fi ìgò yí ìyẹ̀fun pípò títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ, wọn á fi kẹ̀kẹ́ náà gé e, etí mítì-páì á wá rí bí etí léèsì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fọwọ́ ra bọ́tà mọ́ ìyẹ̀fun. Àgékù etí rẹ̀ ni wọ́n ń dín fún wa, gbígbóná janjan.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi Múnírù mú un lọ fa ojú irin reluwé sínú iyanrìn. Màmá mi ní kó kúnlẹ̀, kó gbé ọwọ́ sókè nínú oòrùn. Àwa tí a dúró wòran náà bá a kúnlẹ̀.

Ìyá màmá mi ló ni kẹ̀kẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n kú, Àǹtí Ràbí, ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́, ní àwọn ni àkọ́bí, àwọn ló yẹ kó gbà á. Màmá mi ní àwọn ló ń bá ìyá ṣiṣẹ́, wọn ò sì gbé e sílẹ̀. Bí wọn ò ṣe bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nìyẹn. Iléyá á dé, Iléyá á lọ, ẹnì kan ò gbé ẹran ránṣẹ́ sí ẹnì kejì.

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé Àǹtí Ràbí fẹ́ fa ọmọ fọ́kọ. Wọn ò pè wá. Màmá mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n fọ kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n fi aṣọ wé e, a wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́.

A bá Àǹtí Ràbí lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé ìyẹ̀fun wọ́gọwọ̀gọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni màmá mi wí.

Àǹtí Ràbí ò gbójú sókè. "Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí. Ẹ gba kẹ̀kẹ́ ìyá wa. Tiyín ni."

Àǹtí Ràbí gbà á, wọ́n yí i lórí ìyẹ̀fun lẹ́ẹ̀kan, ojú ibi tó gé wọ́ gan-an. Ni wọ́n bá nà án padà sí màmá mi.

"Ọwọ́ tìrẹ ló mọ̀ ọ́n lò. Jókòó kó o máa gé e, èmi á máa dín in."

Màmá mi bú sẹ́kún. Àǹtí Ràbí sì figbe ta: "Má jẹ́ kí omi ojú ẹ kán sínú ìyẹ̀fun mi o!" Ni àwọn méjèèjì bá ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀pẹ́ ni kẹ̀kẹ́ náà wà láti ìgbà náà. Nígbà náà, bí ọdún bá ti dé, a máa ń wọkọ̀ lọ bá a níbẹ̀. Lónìí, ike ni àwọn ọmọ mi fi ń tẹ etí páì tiwọn, ó yá, ó sì dọ́gba. Ilé kọ̀ọ̀kan ti ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wọkọ̀ lọ bá ẹnì kan mọ́, orí fóònù la ti ń kí ara wa kú ọdún.