Òrìṣà Tó Ní Ìyá Mẹ́sàn-án, àti Èmi Tí Mo Ní Ẹyọ Kan

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ka òrìṣà òyìnbó ní yunifásítì kan ní New York. Kì í ṣe òrìṣà tiwa o. Tiwa ni gbogbo èèyàn rò pé mò ń kà. Bí wọ́n bá ti rí àwọ̀ mi, wọ́n á ti máa bi mí léèrè Ṣàngó, èmi ọmọ Áńgílíkà tó jẹ́ pé inú fíìmù ni mo ti mọ Ṣàngó. Àwọn òrìṣà ilẹ̀ yìnyín lókè Yúróòpù ni mo yàn: Odin olójú kan, Thor olóòlù, Loki ọ̀dàlẹ̀, àti èyí tó jẹ́ tèmi gan-an, Heimdall, tó ń ṣọ́ ẹnu afárá tí wọ́n ń gbà wọ ìlú àwọn òrìṣà. Wọ́n ní oorun rẹ̀ kò tó ti ẹyẹ. Wọ́n ní bí koríko bá ń hù, ó ń gbọ́ ìró ẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé ẹ̀ fún màmá mi nínú ilé wa ní Soundview ní Bronx, ó ní, "Máígáàdì náà nìyẹn."

Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ pé máígáàdì ni máígáàdì, tí wọ́n á sì fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n?

Ohun tó ń da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú lórí Heimdall ni pé ìyá mẹ́sàn-án ló bí i. Ìtàn àtijọ́ wọn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ tín-ín-tín yìí, àwọn kan ti fi jẹun títí wọ́n fi hewú. Méjì nínú wọn ni wọ́n fi iṣẹ́ mi sí lọ́wọ́ láti dán mi wò. Ọkùnrin kan wà tí mo máa pè ní Bàbá Onígbì, nítorí ó ní ìgbì òkun mẹ́sàn-án ni àwọn ìyá náà. Obìnrin kan wà tí mo máa pè ní Ìyá Olómìrán, nítorí ó ní irọ́ ni, òmìrán obìnrin mẹ́sàn-án ni wọ́n. Orúkọ Heimdall fúnra ẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Bàbá ní ìmọ́lẹ̀ ayé ló túmọ̀ sí. Ìyá ní àgbò ló wà nínú ẹ̀. Nítorí ìmọ́lẹ̀ àti àgbò, àwọn méjèèjì kì í jọ wọ ẹ̀lífétọ̀. Mo ti rí ìyá yẹn tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, nítorí pé bàbá ti wà nínú ẹ̀lífétọ̀ kó tó dé. Ẹ gbà mí o, àgbàlagbà méjì!

Èmi náà wá dé pẹ̀lú orí kẹta ìwé tí mo kọ láti fi gba oyè dókítà. Mo ní kí ló ṣòro níbẹ̀? Ní agbo ilé tí màmá mi dàgbà sí ní Ọ̀yọ́, gbogbo ìyàwó ilé ni ìyá ọmọ. Èyí fún un lọ́mú, èyí pọ̀n ọ́n, èyí di irun rẹ̀, èyí nà án nígbà tó jí ẹran jẹ. Bí o bá ní kí màmá mi ka àwọn ìyá ẹ̀, á kà wọ́n fún ẹ, kò sì ní rò pé àlọ́ lòun ń pa. Kò sí ìgbì, kò sí òmìrán. Ilé ni. Gbogbo ohun tí màmá mi ti sọ fún mi nígbà tó bá ń rẹ́ ilá nínú kíṣìnnì wa, orí kẹta yẹn ni mo kó o sí, mo sì wá ẹ̀rí láti inú ìtàn àwọn òyìnbó fúnra wọn láti gbè é lẹ́sẹ̀. Nínú gbogbo ìwé náà, ibẹ̀ nìkan ni tèmi. Ìyókù, ohun tí àwọn ọ̀gá fẹ́ gbọ́ ni mo kọ.

Nígbà tó wá kan ọjọ́ tí mo máa dúró níwájú wọn kí n gbèjà iṣẹ́ mi, mo ṣèèṣì sọ fún màmá mi pé ẹnikẹ́ni ló lè wá wò ó. Igi gáńgánrán má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èmi ò wò ó lókèèrè. Màmá gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó ń ṣe. Ó ti ní kí ìjọ bá mi gbàdúrà, ó kàn sọ fún wọn pé ìtàn Yúróòpù ni mò ń kà, kò dárúkọ òrìṣà. Ó fi òróró àdúrà pa ìwé náà, òróró ọ̀hún sì rin wọlé títí dé ojú ewé Odin. Ó wọ bùbá funfun tó fi ń gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa, ó jókòó síwájú pátápátá, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Ọ̀rọ̀ ń lọ déédéé títí a fi kan orí kẹta. Bàbá Onígbì ní òun ò rí ìgbì kankan níbẹ̀. Ìyá Olómìrán ní a dúpẹ́ pé kò sí. Ó parí! Wọ́n gbàgbé mi. Bàbá ń na ìka, ìyá ń lu tábìlì, èmi dúró láàárín wọn, mò ń wo ìwé mi.

Ibi tí màmá mi ti wá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo rí i tó dìde. Mo ṣẹ́jú sí i, mo mi orí, mo tiẹ̀ húkọ́. Ó kọjá lára mi, ó fi orúnkún tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ yìí kúnlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà," ló wí, ní Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ Yorùbá látòkè délẹ̀. "Bí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń jìyà ẹ̀. Koríko ọ̀hún ló dúró yìí. Ẹ má wo tiẹ̀, ẹ wo tèmi."

Ojú àwọn méjèèjì pọ́n bí ata rodo. Bàbá sáré di apá kan mú, ìyá sáré di èkejì, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó dìde. Màmá ní òun ò ní dìde àfi tí wọ́n bá bọ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́ lóòótọ́, lórí gèlè màmá mi.

Ibi tí wọ́n ti ń wá ohun tí wọ́n máa fi bo ìtìjú ni bàbá ti sọ pé, "Bóyá orí kẹta yìí ló tiẹ̀ ń dá wàhálà sílẹ̀. Ṣé ó yẹ kó wà níbẹ̀ ṣá?" Ìyá ní ó ti pẹ́ tóun náà ti ń rò ó. Háà! Àwọn tí kò fẹnu kò lórí nǹkankan rí! Wọ́n ní kí n yọ orí kẹta, kí n sì máa jẹ́ dókítà lọ. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Màmá mi ṣì wà nílẹ̀, ó ń ṣàdúrà pé Ọlọ́run ò ní bá wọn jà.

Nínú tréènì tí à ń wọ̀ padà sí Bronx, ó ń fi fóònù ránṣẹ́ sí gbogbo Ẹgbẹ́ Ìyá, ó ń kọ orin ọpẹ́ lábẹ́ ẹnu. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Màmá, ẹ mọ ohun tí wọ́n fi parí ìjà yẹn? Ilé yín ní Ọ̀yọ́ ni. Àwọn ìyá yín ni. Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n yọ."

"Ta ló ní kó o fi mí sínú ìwé òrìṣà?"

"Màmá!"

"Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe. Ìlú ti tòrò. O ti di dókítà. Kí lo tún ń fẹ́?"

"Ẹ kúnlẹ̀ fún wọn," mo ní. "Lójú gbogbo èèyàn. Ojú gbà mí tì."

Ó ti fóònù bọ báàgì. Ó fọwọ́ ra orúnkún ẹ̀. Kò pariwo.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń kúnlẹ̀ ní Manhattan," ló wí. "Mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sí obìnrin kan lẹ́sẹ̀, tó jẹ́ pé orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kí n tó dé ló ṣì fi ń pè mí. O ò sọ níjọ́ kan pé ojú tì ẹ́. Ìgbà tí mo kúnlẹ̀ fún ọmọ mi lojú wá ń tì ẹ́."