Nọ́ńbà Mẹ́jọ Tí Mo Yàn fún Ìrẹ́pọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín lónìí, ẹ sì jẹ́ kí n rò ó tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí pé gbogbo èèyàn ń dá ẹnì kan lẹ́bi, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé ẹni náà kò ṣe nǹkan kan? Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ ṣe é ńkọ́?

Ọdún tí mo kúrò ní yunifásítì ni, tí mo ń sin ìjọba ní ilé ìwé kan ní Kumasi. Dichemso, àdúgbò kan nínú ìlú náà, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá mi sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ń pè ní ilé. Àdúgbò wa ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Ìrẹ́pọ̀. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tí wọ́n ń dárúkọ lórí rédíò o. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá nà wá lọ́jọ́ Àìkú, ẹ kò ní rí ẹni tó máa kí yín tọ̀yàyàtọ̀yàyà ní Dichemso títí di Ọjọ́rú.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù Alhaji Ràímì ni ilé ìgbìmọ̀ wa. Alhaji ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, àwọn sì ni alága Ìrẹ́pọ̀. Lẹ́yìn ìrun Alásàrì, àwọn alátìlẹyìn á kó jọ sórí bẹ́ńṣì méjì tó wà níbẹ̀, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀.

Ìkángun bẹ́ńṣì ni mo máa ń jókòó sí. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Krakye ni wọ́n ń pè mí, bí àwọn Ashanti ṣe ń pe akọ̀wé. Múfú, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, jórinjórin tí ohùn rẹ̀ ju ti rédíò lọ, máa ń sọ pé tí ẹ bá bi Krakye bóyá òjò ń rọ̀, á ní ó dá lórí ibi tí ẹ dúró sí. Irọ́ ni? Òjò lè máa rọ̀ ní àdúgbò Bantama kí Dichemso gbẹ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ń jà lé lórí nígbà gbogbo: kóòṣì wa, àti irú èèyàn tó yẹ kí a máa mú wọ ẹgbẹ́. Kóòṣì Yaw ni kóòṣì náà, káfíńtà ará Bantama tó ti ń kọ́ Ìrẹ́pọ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, láìgba kọ́bọ̀. Ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn ti lọ sí Accra. Ìrẹ́pọ̀ ló kù tí wọ́n ń jí fún. Ìlànà wọn kò sì le: ẹ jẹ́ kí a tọ́ ọmọ àdúgbò dàgbà, kí a má ra ẹnikẹ́ni.

Múfú kò gbà. Ó ní ọmọ àdúgbò, ọmọ àdúgbò, ṣé ọmọ àdúgbò là ń tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń to ife ẹ̀yẹ sí? Ó ní kí a jáde lọ wá ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa èmi àti Kóòṣì Yaw. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo lọ bá wọn pé mo fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. N kò mọ̀ ọ́n gbá rárá. Wọn kò lé mi. Wọ́n fún mi ní ìwé kan àti bírò, wọ́n ní kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kí n máa kọ ohun tí mo bá rí. Bí mo ṣe di ọmọ Ìrẹ́pọ̀ nìyẹn. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe di Krakye.

Nígbà tí ariwo náà sú Alhaji, wọ́n ní tóò, ṣé a kò ní ẹni tó lọ sí yunifásítì láàárín wa ni? Kí Krakye lọ wo ẹni tó dára, kó kọ ọ́ wá, ohun tó bá kọ la ó tẹ̀ lé. Kóòṣì Yaw pàápàá mi orí pé àwọn gbà.

Mo wọ tórótóró, ọkọ̀ èrò wa, lọ sí Suame Magazine, níbi tí àwọn fítà ti ń tú mọ́tò palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà. Àwọn fítà náà ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ Sípánà. Mo ti pinnu pé n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni darí ojú mi. Èrò ìwòran máa ń pariwo orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn, ariwo sì lè tan èèyàn jẹ. Nítorí náà mo lọ jókòó lọ́tọ̀ sórí táyà lọ́rì kan tó ti gbó, lápá òdìkejì pápá, èmi, ìwé mi àti bírò mi. Láti ibẹ̀, gbogbo wọn jọra: eruku pupa àti jẹ́sì búlúù tó ti ṣá. Mo fa ìlà sínú ìwé. Nọ́ńbà agbábọ́ọ̀lù. Iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Iye ìgbà tó pàdánù rẹ̀. Orúkọ ńkọ́? Mo rò pé a lè béèrè ìyẹn tó bá yá.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Nọ́ńbà mẹ́jọ wọn. Á gba bọ́ọ̀lù, á fi èjìká òsì ṣe bí ẹni ń lọ síbí, á gba ibòmíràn lọ, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á dúró sínú eruku. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kíákíá.

Lẹ́yìn ìsinmi ìdajì eré, nọ́ńbà mẹ́jọ kò sáré bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀lù ń sá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi ronú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé oòrùn mú, pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń borí, pé ńṣe ló ń fi ọgbọ́n tọ́jú agbára rẹ̀. Mo ní èyí fi hàn pé ó ní làákàyè. Ẹ ṣáà ń gbọ́ mi? Làákàyè ni mo kọ.

Nígbà tí eré parí, mo rìn lọ bá wọn, mo béèrè ẹni tó wọ nọ́ńbà mẹ́jọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó níwà jáde sí mi, jẹ́sì náà wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní Àdámù lorúkọ òun. Mo kọ Àdámù sí òkè ìwé, mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ojú ìwé mẹ́ta ni rípọ́ọ̀tù mi. Wọ́n kà á sókè níwájú ṣọ́ọ̀bù Alhaji, Múfú sì ń jó. Kóòṣì Yaw bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, bóyá mo jókòó ti ẹnikẹ́ni tó mọ ọmọ náà. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹnu èèyàn kì í ṣe ẹ̀rí. Wọ́n ní ó dára.

Nígbà tí a lọ bá àwọn ọ̀gá Sípánà, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. Wọ́n bi wá lẹ́ẹ̀mejì bóyá Àdámù ni a wí lóòótọ́. Múfú sọ fún mi létí pé ọgbọ́n ọjà ni, pé wọn kò fẹ́ kí a mọ bó ṣe níye lórí tó. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè fún: kí a rán jẹ́sì fún wọn, odindi, tó máa kárí gbogbo agbábọ́ọ̀lù wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn, nítorí pé tiwọn kò tó wọn. A rán an. Aláwọ̀ ìyeyè. Múfú ló yan àwọ̀ náà.

Àdámù dé. Èèyàn rere ni. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé pápá, ó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó ń bá wọn gbé omi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ àti bọ́ọ̀lù kò mọ ara wọn rí. Kóòṣì Yaw fi í sínú eré méjì, lẹ́yìn náà wọ́n ní kó lọ jókòó.

Ẹ wá gbọ́ ariwo. Wọ́n ní Kóòṣì ń bínú nítorí pé kì í ṣe àwọn ló yàn án. Wọ́n ní ńṣe ni Kóòṣì fẹ́ fi hàn pé rírà kò dára. Múfú ní ẹni tí Krakye fi ojú ìwé mẹ́ta yìn, káfíńtà ti sọ ọ́ di ìjókòó. Kóòṣì Yaw gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo kàn ń rí ni pé lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ sílé, Kóòṣì máa ń dúró ti Àdámù, wọ́n á máa ti bọ́ọ̀lù sí i jẹ́jẹ́.

A ní láti bá Sípánà gbá lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Àwọn alátìlẹyìn fẹnu kò pé tí wọ́n bá fi lè nà wá, kí Kóòṣì Yaw máa lọ. Wọ́n ní kí èmi kọ ìwé tí a ó fi dá wọn dúró, kí n sì fi rípọ́ọ̀tù mi so mọ́ ọn bí ẹ̀rí.

Mo gbé e yẹ̀ wò. Lápá kan, ojú ìwé mẹ́ta tí mo fi ojú ara mi rí, tí mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ. Lápá kejì, ohun tí Kóòṣì rò. Mo gba ìwé mi gbọ́. Ó ṣì ń tì mí lójú: mo jókòó, mo kọ lẹ́tà tí wọ́n máa fi lé ẹni tó fún mi ní bírò àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Àìkú dé. Sípánà jáde, gbogbo wọn tàn yòò nínú jẹ́sì wa, oníkálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ nọ́ńbà mẹ́jọ wọn. Ó fi èjìká òsì ṣe bí ẹni ń lọ síbí, ó gba ibòmíràn lọ.

Mo ṣí ìwé mi àtijọ́. Ó tún ṣe é. Mo wo ìwé, mo wo pápá.

Lọ́jọ́ yẹn mo ṣe ohun tí n kò ṣe tẹ́lẹ̀: mo yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fítà kan tí epo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bi í ta ni yẹn. Ó wò mí bíi pé mo béèrè orúkọ oòrùn. Ó ní Kwaku ni. Mo ní ṣebí Àdámù ni nọ́ńbà mẹ́jọ yín? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di èjìká mi mú. Ó ní chale, ọ̀rẹ́ mi, nígbà yẹn a kò ní jẹ́sì tó kárí wa. Ọjọ́ kan báyìí, awakọ̀ kan wá gba lọ́rì rẹ̀ láàárín eré, Kwaku ló sì ń tún un ṣe. Iṣẹ́ ni iṣẹ́. Kwaku bọ́ jẹ́sì fún Àdámù ní ìdajì eré, ó sì wọ abẹ́ lọ́rì lọ.

Wọ́n nà wá ní góòlù mẹ́ta. Kwaku ló gbá méjì nínú rẹ̀.

Gbogbo wa padà síwájú ṣọ́ọ̀bù. Kóòṣì Yaw dúró lẹ́bàá ògiri, wọ́n ti ká fìlà wọn sọ́wọ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀. Àdámù jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Múfú ní kí n ka lẹ́tà náà.

Lẹ́tà wà nínú àpò mi. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó mọ ohun tí fítà yẹn sọ fún mi. Tí mo bá kà á, n kò ní pa irọ́ kankan. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ni mo máa kà. Mo ronú bẹ́ẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́.

Mo dìde. Mo ní Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, rípọ́ọ̀tù yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tún kà, nítorí pé àtúnṣe wà nínú rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: táyà tí mo jókòó lé, lọ́rì, Kwaku, jẹ́sì tí wọ́n pààrọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti kọ làákàyè, mo ka èyí náà sókè.

Alhaji wá ní kí àwọn béèrè kó yé àwọn. Ṣé a rán aṣọ fún wọn, wọ́n sì wọ aṣọ náà wá nà wá nínú ilé wa?

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Alhaji ní, "Múfú, ìwọ lo yan àwọ̀ náà, àbí? Wallahi, ó yẹ wọ́n."

Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Bantama. Múfú ní láti òní lọ, tí Krakye bá sọ pé òjò ń rọ̀, òun máa kọ́kọ́ béèrè bóyá òjò náà kò pààrọ̀ jẹ́sì. Àdámù pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ti ń ya òun náà lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tí èèyàn tó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ ní òun Àdámù mọ bọ́ọ̀lù, òun rò pé bóyá òun ni kò mọ ara òun.

Kò sí ẹni tó tún béèrè lẹ́tà. Mo fà á ya nínú àpò mi níbẹ̀.

Mo bá Kóòṣì Yaw lẹ́yìn náà, mo tọrọ àforíjì, mo sì bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ pé Àdámù kọ́ ni mo kọ nípa rẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Àdámù gbá bọ́ọ̀lù. Mo ní kí ló dé tí ẹ kò sọ, tí wọ́n fi fẹ́ lé yín?

Wọ́n ní, "Krakye, bí mo bá sọ ọ́, ta ni á gbà mí gbọ́ ju ìwé rẹ lọ? Mo ní kí n dúró, ìwọ náà á kà á dáadáa lọ́jọ́ kan."

Kóòṣì ṣì wà pẹ̀lú wa. Àdámù náà wà. Ó ti tún mọ́tò Alhaji ṣe, èyí tó ti dákẹ́ sẹ́yìn ilé fún ọdún méjì, Alhaji sì ń sọ pé rírà tó dára jù lọ nìyẹn nínú ìtàn Ìrẹ́pọ̀. A sì ní òfin tuntun: kò sí ẹni tí a ó mú wọ ẹgbẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó lọ wò ó ti bá a jẹun.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé mo wọn gbogbo nǹkan lọ́jọ́ yẹn, àfi ìbéèrè tí ì bá gba ìṣẹ́jú kan. Ojú mi ríran dáadáa. Ẹnu mi ni n kò lò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ ti fi gbogbo ọgbọ́n orí yín yàn rí, tó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn lẹ rí? Ẹ kọ ọ́ wá, kí Múfú lè rí ẹlòmíràn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń kọ ọ́, orúkọ ẹni náà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.